Télọ̀ Tí Kò Lè Lanu

Ní 1988, èmi Olújídé gbà pé kò sí olùkọ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, tó mọ oríkèé párì tó mi. Bí ẹnì kan kò bá lè lanu, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọrùn rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ọrùn tó bá tẹ̀ síwájú jù máa ń fa iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ le. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo fẹ́ràn òótọ́ yẹn ju bó ti yẹ lọ.

Mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Èjìgbò. Bàrákátù mú ọkọ rẹ̀ wá bá wa níbẹ̀, Mùtàlíbù, télọ̀ tó ti Àbíjáánì dé lọ́dún tó kọjá. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ kò gba ju orí ṣíbí lọ. Eyín rẹ̀ hàn bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ẹ̀kọ́ mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ogún ọdún ló fi doríkodò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi eyín já òwú," mo wí fún wọn. "Kí lẹ rò pé ọrùn á ṣe?"

Fàsílátù, tó kéré jù nínú wọn, ń wo àkísà tí ọkùnrin náà wé mọ́ àtàǹpàkò. "Sà, ṣé kí n tú àkísà ọwọ́ wọn wò?"

"Télọ̀ wo ni kì í wé àtàǹpàkò? Òun ni wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́. Fàsílátù, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wá di orí wọn mú."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó le gbagidi. Nígbà tó kan ẹnì kẹta, ẹsẹ̀ Mùtàlíbù ta lórí bẹ́ẹ̀dì. "Dusimá," ó sọ ọ́ láàárín eyín, Faransé tó kó bọ̀ láti Àbíjáánì, pé ká rọra. Mo ní kó dẹra sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ti párì rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè. Orí àti gìgísẹ̀ nìkan ló kan bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè kígbe.

Fàsílátù ló tú àkísà náà. Ihò dúdú kan wà lábẹ́ èékánná, ó ń rùn, òróró ẹ̀rọ kún inú rẹ̀. Bàrákátù ní abẹ́rẹ́ ló gún un níjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó kán òróró sí i bí gbogbo télọ̀ ṣe ń ṣe, ó wé e, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ, torí aṣọ Iléyá pọ̀ nílẹ̀.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Ìfọwọ́kàn lásán ló ń mú kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan, èmi sì ti to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí.

A gbé e sọ́kọ̀ lọ sí Òṣogbo. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń mú un gan. Dókítà tó gbà á bi mí ìgbà tí gígan náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ni.

Mùtàlíbù kú lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Èmi àti Fàsílátù lọ kí Bàrákátù, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ ṣeun, sà. Gbogbo ará ilé ló ń sá fún ọkọ mi, bàbá Sàídátù. Ẹ̀yin nìkan lẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san ohun tẹ́ ẹ ṣe fún wọn."

Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de ìdáhùn. Mo ní àmín. Fàsílátù kò ṣe àmín.