Bí Alùpùpù Gafar Ṣe Di ti Uncle Jimoh

Kò sí ohun kan lára alùpùpù náà tí kò gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi Gafar kọjá. Láàárín àkìtàn irin ní Belvedere ló ti rí férémù rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Ara òmíràn ló ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Táǹkì epo ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ̀ bí ó ti fẹ́ kó tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá irin náà jà nínú gáréèjì abẹ́ ilé wa ní Thamesmead, níhìn-ín ní ìlú òyìnbó, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé. Ní 1992, ó parí rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ìjọba fún un ní nọ́ńbà àti ìwé ọkọ̀, kí ó lè gùn ún jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tirẹ̀.

Kò rọrùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ohun tí a ṣà jọ láti ara ọkọ̀ púpọ̀ kò ní ọjọ́ orí, àfi bí àwọn onímọ̀ bá jẹ́rìí sí i. Gafar wá òyìnbó arúgbó kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́. Ọkùnrin náà fi ìka tọ nọ́ńbà tó wà lára férémù, ó yí i po, ó ṣí fìlà, ó sì kọ ìwé ẹ̀rí. Ó wá ku kí a kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba Gafar. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà níwájú Hóòmù Ọ́fíìsì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, ó sì dá a lójú pé bí orúkọ òun bá wọ ìwé ìjọba kankan, wọn yóò fi tọpa òun dé ẹnu ọ̀nà. Mo ka fọ́ọ̀mù náà fún un láti òkè délẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè físà. Kò gbà. Ohun tí àwọn ará wa tó wà nírú ipò yẹn máa ń ṣe ni òun náà ṣe: ó lọ yá orúkọ.

Uncle Jimoh ló yá a ní tirẹ̀. Àbúrò ìyá wa ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Woolwich, ó sì ti di ọmọ ìlú níhìn-ín tipẹ́tipẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí pé orúkọ lásán ni Uncle fi sílẹ̀. Gafar wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Mujeebat, Uncle ni kí n na bírò sí pé kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé? Àwọn tó wá pàdé mi ní éápọ́ọ̀tù? Ìwé tó o kà yẹn ti ń pọ̀ jù."

Ìwé ọkọ̀ dé, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá ọjọ́ orí férémù mu. Uncle ní níwọ̀n bí àdírẹ́sì òun ti wà nínú rẹ̀, ilé òun ló yẹ kí maṣín máa gbé, kí ọlọ́pàá má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gafar gùn ún lọ síbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó gùn ún lójú títì nìyẹn.

Lẹ́nu Uncle, "maṣín Gafar" di "maṣín wa". Kò pẹ́ tó fi di "maṣín mi". Nígbà tí a gbọ́ pé òyìnbó kan fẹ́ rà á, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì rán an létí pé ìwé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ni ọkọ̀.

Uncle ń to iṣu. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ó dáa. Ẹ lọ sí kóòtù. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ dárúkọ ara ẹ̀ fún adájọ́, kó sọ ibi tó ń gbé. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh ò kúkú jìnnà sílé yín."

Àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ni pé mo rí àgbà fín, àti pé kí Gafar dọ̀bálẹ̀ bẹ Uncle nítorí ẹnu mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Uncle dárí jì í. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan alùpùpù.

Ní ọjọ́ tí òyìnbó tó fẹ́ ra alùpùpù náà wá, ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò dáhùn. Uncle tẹ Gafar láago. Mo ní kó má lọ. Ó ní fóònù tí Uncle fi pe òun náà ni ó lè fi pe Hóòmù Ọ́fíìsì. Mo tẹ̀ lé e.

Gafar bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí epo ń gbà, ó dẹtí, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Òyìnbó náà béèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ta ló ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Gafar yíjú sí Uncle, ó ń dúró.

"Mẹkáníìkì mi nìyí," ni Uncle wí, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

Gafar nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún òyìnbó náà bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nígbà òtútù.