Ohùn Tí Suleiman Fi Tọrẹ

"Ṣé ìwọ ni Suleiman Badmus?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má kí mi! Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ló ń bi mí láàárọ̀ yìí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́. Inú áàpù tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Arigidi ló ti rí i. Ohùn ìyá àgbàlagbà lo fi ń fa ọmọ ọlọ́mọ lọ sídìí tẹ́tẹ́! Ṣé ojú ò tì ọ́ ni?"

Suleiman gbé fóònù jìnnà sétí díẹ̀. Ẹni kẹrin nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ lórí, ó sì ti sú u láti máa sọ ọ́.

"Mà, kì í ṣe tèmi ló wà lórí fóònù yín. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Tèmi, àwọ̀ ewé ni. Ti àwọn yẹn, pupa ni. Wọ́n ṣe àdàkọ tèmi ni."

"Orúkọ ta ni wọ́n wá kọ síbẹ̀ pé ká pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Nọ́ńbà ta ni?"

Suleiman mọ nọ́ńbà náà. Tirẹ̀ ni. Àwọn tó kó iṣẹ́ rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n lẹ ìpolówó tẹ́tẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn ò ráyè yọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lójú ewé ìrànlọ́wọ́. Iyì iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, èébú nìkan ló kù fún un. Obìnrin náà bú u tẹ́rùn, ó pa fóònù.

Ọdún mẹ́ta ni Suleiman fi kọ áàpù náà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Arigidi, èdè ìyá rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún tó fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ewúrẹ́ á jáde, ọmọ á tẹ̀ ẹ́, Àlàájà Raliat, ìyá Suleiman fúnra rẹ̀, á pe ewúrẹ́ lédè Arigidi. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ó lé. Nígbà tó parí, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kóòdù tó fi kọ ọ́ àti ohùn ìyá rẹ̀, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe wá tún un ṣe. Wọ́n bi í níbẹ̀ pé irú láísẹ́ǹsì wo ló fẹ́. Àwọn kan gùn bí ìwé ẹjọ́, bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti fẹ́ kú. Ó mú èyí tó kúrú jù: ẹni tó bá wù kó mú un, kó pa á dà bó ṣe fẹ́, kó tiẹ̀ tà á. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń retí pé àwọn ọmọ Àjọwá àti ti Ọ̀kà á wá fi ọ̀rọ̀ èdè tiwọn kún un.

Ẹnì kankan nínú wọn ò wá. Ẹni kan ṣoṣo tó wá láàárín ọdún méjì ni ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga kan tí kò mọ̀ rí, ọ̀gá àwọn tó ṣe áàpù pupa yẹn, ìyẹn ò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tí Suleiman kọ̀wé sí i pé kó yọ tẹ́tẹ́ kúrò, èsì tó rí gbà ò ju ìlà kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ka láísẹ́ǹsì yín." Ó tún fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta tì í.

Ì bá fara dà á bó bá mọ lórí òun nìkan. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí ìyá rẹ̀ ti jẹ Ìyá Àdínì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, àwọn obìnrin kan bi í ní gbangba pé ṣé àwọn onítẹ́tẹ́ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kí ó tó délé, Lẹ́mọ́mù ti ránṣẹ́ pé kó ṣì fi ipò Ìyá Àdínì sílẹ̀ ná títí ọ̀rọ̀ náà á fi yanjú. Àlàájà ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sì bá Suleiman wí. Èyí tí kò bá a wí yẹn gan-an ló jẹ́ kí Suleiman sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé kí wọ́n jọ lọ rí lọ́yà ní Ọ̀kà.

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gba Akùngbá kọjá. Lọ́yà Bridget Ìbíyínká, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ka láísẹ́ǹsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Suleiman, wọn ò jí i. Ìwọ lo fún wọn."

"Mi ò fún wọn pé kí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́, mà!"

"O ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fi ta á. Kóòdù ti lọ nìyẹn." Ó yíjú sí Àlàájà. "Ohùn ló kù. Màámi, ẹ̀yin lẹ ni ohùn yín. Ṣé Suleiman bi yín kó tó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé?"

Suleiman ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dáhùn. "Mo sọ fún wọn pé ó máa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"O ní àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Abújá á máa gbọ́ mi," ni Àlàájà wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Nítorí wọn ni mo ṣe sọ ọ́. O ò sọ fún mi pé ẹni tí mi ò mọ̀ rí lè gbé mi lọ síbi tó wù ú."

"Ṣé ó bi yín, Màámi?"

"Kò bi mí."

Lọ́yà fa bébà sọ́dọ̀. "Ibẹ̀ la ti máa mú wọn. Àlàájà á búra ní kọ́ọ̀tù pé wọn ò gba àṣẹ lẹ́nu òun. Suleiman, ìwọ náà á búra pé o fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ tọrẹ láì béèrè. A ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé áàpù pupa yẹn síta, wọ́n á yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tìrẹ náà ò lè dúró, àfi tí Àlàájà bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún ọ. Màá tẹ ìwé méjèèjì, ti ìbúra àti ti àṣẹ."

Láti bí oṣù mélòó kan ni Suleiman ti ń pe Adégbóyèga ní olè fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó wá di òun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù pé òun ló mú ohun tí kì í ṣe tòun. Wọ́n bá Lọ́yà lọ sí kọ́ọ̀tù. Suleiman búra, ó fọwọ́ sí i. Àlàájà náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó ká ìwé kejì, ìwé àṣẹ, ó fi sínú báàgì rẹ̀.

Wọ́n ti wà nínú mọ́tò tí wọ́n ń padà sí Ìkàrẹ́ nígbà tí fóònù dún. Suleiman gbé e sétí. "Ṣé ìwọ ni Suleiman tó ń fi tẹ́tẹ́ kọ́ ọmọdé?" Lọ́tẹ̀ yìí, Suleiman ò sọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé, kò sọ̀rọ̀ pupa.

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Èmi ni mo fi ohùn ìyá mi sílẹ̀ láì bi wọ́n."

Àlàájà na ọwọ́, ó gba fóònù náà. "Èmi lẹ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ yọ mí kúrò lórí fóònù yín."

Ẹni náà pa fóònù. Bóyá ó dá ohùn náà mọ̀. Àlàájà dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

"Màámi," ni Suleiman wí, "ìwé kejì yẹn ńkọ́? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ṣé ẹ ó fọwọ́ sí i fún mi?"

"O ti wá ń béèrè báyìí." Ó ṣí báàgì, ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Kò fọwọ́ sí i. "Mi ò fẹ́, Sule. Ká ní o ti bi mí lọ́jọ́ kìíní pàápàá, mi ò ní fẹ́ ẹ."

Suleiman sin ìyá rẹ̀ dé ilé, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá áàpù aláwọ̀ ewé náà kàn, ó ní kí ó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, pé ohun tó fẹ́ ṣe yìí ò ní àtúnṣe. Suleiman jókòó, ó ń wo ìbéèrè náà. Òun ò bi ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pàápàá. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.