Fóònù Olóògbé

"Àǹtí, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́."

Akíntọ́lá tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀, láti abẹ́ ilé tó ti ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí ẹ̀rọ amúlégbóná wò. Rùkáyàt dúró lórí àtẹ̀gùn, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo aṣọ opó. Ọjọ́ kẹta rèé tí ilé ti tutù bíi yìnyín, tí Aisha ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń wọ kóòtù sùn.

"Bí kò bá bàjẹ́, kí ló ń pa á?"

"Èèyàn ni. Ẹ wá wò ó." Ó tọ́ka sí àkọsílẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà. "Àná, aago méje àárọ̀. Ìjẹta, aago méje àárọ̀. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ kì í wo aago, Àǹtí. Látorí fóònù ni wọ́n ti ń pa á. Ta ló ni fóònù tó ń darí ẹ̀?"

Rùkáyàt mọ fóònù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì fà á léni lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí Mùnírù ọkọ rẹ̀ kú gan-an ni Sherifdeen, àbúrò olóògbé, sáré dé láti Park Hill, àdúgbò wọn àtijọ́ nílùú òyìnbó níbí. Ó ní kí ìyàwó gbé fóònù ẹ̀gbọ́n òun wá kí òun lè fi túfọ̀ fún àwọn ará Abẹ́òkúta. Rùkáyàt kúnlẹ̀, ó gbé e fún un, ó sì sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Àbúrò ọkọ, ọkọ ni.

Ẹkún kò jẹ́ kó rántí pé kì í ṣe fóònù nìkan lòun ń gbé sílẹ̀. Mùnírù fẹ́ràn ohun ìgbàlódé ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí wọ́n kó kúrò ní Park Hill wá sí ilé kékeré yìí ní Tompkinsville, ó yọ gbogbo àgádágodo dànù. "Kọ́kọ́rọ́ máa ń sọnù," ó ní, "nọ́ńbà kì í sọnù." Ilẹ̀kùn, iná, ẹ̀rọ amúlégbóná, kámẹ́rà pálọ̀ àti ti ẹnu ọ̀nà, inú fóònù yẹn ni gbogbo wọn ti ń gbàṣẹ. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ti ilé Rùkáyàt ní ojú, ó sì tún lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ kí n yọ gbogbo ẹ̀ lónìí," Akíntọ́lá ní. "Mo ní àgádágodo gidi nínú mọ́tò."

Rùkáyàt wo ilẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ pé. Kí opó máa tú iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn láìgbàṣẹ àwọn àna? Wọ́n á ní ó ti ń kánjú.

"Ẹ jẹ́ kí n parí opó mi ná," ó ní. "Màá kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n."

Akíntọ́lá mi orí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ni mọ́tò rẹ̀ tíì gba orí òkè kọjá tí ògiri pálọ̀ fi sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó."

Aisha, tó ń kun àwòrán lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá kan náà ló bí Mùnírù àti Sherifdeen, ohùn kan náà ni wọ́n sì jọ pín. Rùkáyàt fa ọmọ náà mọ́ra.

"Ìyàwó, ọkùnrin wo ló jáde nílé ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bọ̀dá mi, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ni. Òtútù fẹ́ pa ọmọ."

"Nínú opó?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹ bá mi dá fóònù yẹn padà."

"Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ kó lọ síbi tó bá gbóná. Ilé ẹ̀gbọ́n mi nilé yẹn."

Nígbà tí ohùn náà dákẹ́, Rùkáyàt fi gèlè bo kámẹ́rà. Kò pẹ́, gbogbo iná ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, wọ́n ń kú, wọ́n ń tàn, wọ́n ń kú. Aisha bú sẹ́kún.

"Ká aṣọ yẹn kúrò lójú mi," ni ohùn náà wí lábẹ́ gèlè.

Ó ká a. Láti ọjọ́ náà, bálùwẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ aṣọ, ibẹ̀ náà ló ti ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí omi á máa dà ṣòò kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Olè ì bá jẹ́, ì bá ké sí àwọn aládùúgbò. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Akíntọ́lá wá náà ni fídíò dé sórí WhatsApp ẹbí: Akíntọ́lá ń wọlé, Rùkáyàt ń ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni Sherifdeen gé e dé. Kò sí irinṣẹ́, kò sí abẹ́ ilé, kò sí ìgbà tí ọkùnrin náà jáde. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí ìyàwó wa ṣe ń ṣe opó." Rùkáyàt ṣàlàyé títí, ẹnì kankan ò fèsì. Níkẹyìn, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta.

"Rùkáyàt, ọmọ mi ò tíì jẹrà."

Gbólóhùn kan yẹn péré ni màmá sọ. Rùkáyàt gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú bálùwẹ̀, ó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn ẹ̀rọ náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiffany ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Màdáámù, ẹni tó ni orúkọ tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan la lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí Ọ̀gbẹ́ni Mùnírù Láwàl pè wá."

"Ó ti kú. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta."

Tiffany tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ má bínú, màdáámù. Ibí yìí fi hàn pé ó lò ó ní aago méje àárọ̀ yìí."

Wọ́n ní kó fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí opó pé, Rùkáyàt wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó mú Aisha dání lọ sí mọ́ṣáláṣí láti ṣàdúà fún olóògbé. Ó ti pe Akíntọ́lá pé kó máa gbé àgádágodo bọ̀ lọ́la. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n padà dé, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ gba àárín àwọn ilé kọjá. Ó tẹ ọjọ́ ìbí Aisha, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ilé, sára ilẹ̀kùn. Iná pupa tàn. Ó tún un tẹ̀. Pupa. Ó pe Sherifdeen títí tí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló dé. Ọlọ́pàá kan sọ̀ kalẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Màdáámù, wọ́n pè wá pé obìnrin kan fẹ́ fipá wọ ilé yìí."

"Ilé mi ni. Ilé ọkọ mi ni. Ó ti kú."

Ọlọ́pàá náà gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò. Àdírẹ́sì Park Hill àtijọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. "Ìwé ikú ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo Rùkáyàt, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Iná róbótó aláwọ̀ búlúù tàn yí kámẹ́rà ká.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá," ni ohùn kan wí látara ògiri. "Èmi ni Mùnírù Láwàl. Èmi ni mo nilé. Mo ti kọ obìnrin yẹn sílẹ̀, kò láṣẹ láti wọlé."

"Irọ́ ni!" Rùkáyàt kígbe. "Àbúrò ẹ̀ ni! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọkọ mi ti kú!"

Ọlọ́pàá náà wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mùnírù Láwàl lorúkọ onílé lóòótọ́. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn yìí ná."

Kí Rùkáyàt tó rí nǹkan kan sọ, Aisha ti já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó gbé ojú sún mọ́ iná búlúù náà.

"Dádì," ó ní, "ẹ ṣílẹ̀kùn. It's cold. Mọ́mì ní ẹ ti kú, mo sọ fún wọn pé mò ń gbọ́ ohùn yín."

Iná róbótó náà kú. Ọlọ́pàá gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìyá, ìyá sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Aisha kò kúrò níbẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí bàbá rẹ̀ wá ṣí i.