Ìlà àti Ilà

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá wa yà láyé wọn. Ní Àgbàdo ni wọ́n ti yà á, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí òrùlé wa ní Ìbàfò jò lọ́dún 2006, omi wọ inú férémù, ojú ìyá wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀. Ìyá ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Tí ti inú fọ́tò yìí bá tún lọ, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní ká gbé e lọ fún Folúkẹ́, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe ní Mowe. Èmi ò fẹ́. Mo gbọ́ pé iná wà nínú ẹ̀rọ náà. Oòrùn lásán ń ṣá aṣọ, áńbọ̀sì iná.

"Mùíbì, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Méjìdínláàádọ́ta, Ẹ̀gbọ́n."

"O ṣeun. Mo rò pé mo ṣì í kà ni."

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Folúkẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó da ojú fọ́tò dé orí gíláàsì ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní síkánà, ó pa ìdérí rẹ̀ dé. Iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ẹ̀. Mo di ìdérí náà mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Kì í bunijẹ."

"Ojú wọn ńkọ́? Kò ní lá a?"

"Ó kàn ń wò wọ́n ni. Bí ẹ ṣe ń wò mí látìgbà tí ẹ ti dé. Ṣé mo ti ṣá?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jáde lọ kírun Alásárì.

Ojú ìyá yọ lórí kọ̀ǹpútà. Folúkẹ́ ní, "Gbogbo ìlà tó wà lójú fọ́tò yìí ni màá pa rẹ́." Mo mi orí pé ó dáa. Ìlà ló pè é, ìlà lèmi náà gbọ́. Ó pa ti orí gèlè rẹ́, ó pa ti ọrùn. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pa ọ̀kan. Ó pa èkejì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàwé ni, èmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo ní bóyá ó máa tó dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó wo kọ̀ǹpútà. "Sìsí yìí mà rẹwà. Ìyá ta ni?"

"Màmá yín ni, mà."

"Ìyá tiwa kọ pélé. Ibo lo gbé e lọ?"

"Ìlà tó wà níbẹ̀ ni mo pa rẹ́, mà. Mo rò pé omi ló fà á."

"Ìlà kọ́ nìyẹn. Ilà ni. Mùíbì, ṣé o jókòó síbí?"

"Mo jókòó."

"O sì ń wò ó?"

"Mo ń wò ó."

"Ọdẹ tó ń ṣọ́lé. Olè dé, o bá a tanná sí i."

Folúkẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó ní èyí tí síkánà kọ́kọ́ wò ṣì wà, òun kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣí i. Ṣùgbọ́n omi ti fa oríṣiríṣi nǹkan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó ní ká fi ilà han òun, kí òun lè pa ìyókù rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi na ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí i. "Wo tèmi. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì."

Folúkẹ́ gbé ọwọ́ sórí ìlà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta tòsì nínú fọ́tò.

"Má pa ìyẹn," mo ní. "Mẹ́rin ni tòsì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ìyá ni. Lọ́jọ́ tí olóólà wá kọ tèmi, tí mo sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n wá fi mí sílẹ̀ láìkọlà báyìí. Ìyá ní kí n fọwọ́ kan kékeré yẹn lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ba àwọn náà, àwọn yí orí padà, abẹ bá yẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó wò ó pẹ́.

"Èmi àkọ́bí, wọn ò sọ fún mi," ó ní. Ó yíjú sí Folúkẹ́. "Fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀. Àṣé ogún ni ẹ̀rù Mùíbì yìí."