Àfọ́kù Bísíkíìtì

Bí ẹ bá ń wá ibi tí Aránṣọ kó bísíkíìtì rẹ̀ pamọ́ sí, ẹ má wulẹ̀ dé ilé ìdáná. Inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀ ni, lábẹ́ àwọn àjákù aṣọ, níbi tí ọkọ rẹ̀ ò lè ronú kàn láéláé. Oyún ti wọ oṣù keje. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, sè sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ti tutù sínú ìkòkò, ìyàwó ilé ń já ọ̀rá bísíkíìtì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè. Olè nínú ilé ara ẹ̀! Ẹ bá mi rí nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú u. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà, òórùn ẹ̀ ni. Bí òórùn mílíìkì àti ṣúgà yẹn bá ti kàn án nímú báyìí, kíá, ó ti padà di ọmọdé, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn àtijọ́, ó ń retí bàbá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ni bàbá ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Bàbá Bísíkíìtì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, ilé-iṣẹ́ á fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá àfọ́kù kan, èyí tó ti kán tí wọn ò lè tà mọ́. Bàbá á dé, ìyẹ̀fun á ti sọ irun ojú wọn di funfun. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ́kọ́ sọ nǹkan kan tí Aránṣọ ò rántí mọ́, wọ́n á wá la ọwọ́. Àfọ́kù kan péré, tí ooru ara bàbá ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́. Áà, ayé dùn nígbà yẹn o!

Bàbá ti kú kí oyún yìí tó dé. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ àwọn máa di ìyá. Èyí ló ń dun Aránṣọ wọra, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wá fi téèpù wọn ikùn rẹ̀. Téèpù tí Aránṣọ fi ń jẹun kẹ̀! Ó yọjú wò ó, ó rí i fúnra rẹ̀ pé ibi tí ikùn náà dé lóṣù tó kọjá ló ṣì wà.

"Màdáámú, ẹ̀jẹ̀ yín kéré, ọmọ yìí ò sì dàgbà bó ṣe yẹ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun dáadáa, mà."

"Oúnjẹ gidi ni mò ń wí o, kì í ṣe ìpápánu inú ọ̀rá. Ìyẹn lè kún yín níkùn, ṣùgbọ́n kí lọmọ máa rí mú níbẹ̀? Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì jẹun. Tí kò bá yí padà, ilé ìwòsàn ńlá la máa gbé yín lọ, torí ewu wà fún ẹ̀yin àtọmọ."

Ó búra lójú ọ̀nà pé ó parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ti wọ dúrọ́ọ̀.

Ọkọ rẹ̀ rí i pé oúnjẹ ṣì ń tutù sínú ìkòkò, kò mọ èyí tó máa ṣe mọ́, ló bá ránṣẹ́ pe ìyá ìyàwó. Ìyá dé, wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi rí i pé etí aṣọ àwọn ti tú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rán an.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá abẹ́rẹ́, kò sí níbẹ̀ yẹn—"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá ti fa dúrọ́ọ̀ yọ, wọ́n ti gbé ọ̀rá bísíkíìtì sókè. Aránṣọ dorí kodò, ó ń retí èébú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ìyá bú sí.

"Ìwọ ọmọ yìí! Bàbá ẹ lò ń wá kiri."

Ojú ti Aránṣọ. "Mò ń rántí wọn ni, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ lóyún mi. Ọ̀rá kan lọ́sẹ̀!"

"Ta ló jẹ kí ni? Bàbá ẹ ò jẹ́ kí n fẹnu kàn án! Òórùn ẹ̀ ń pa mí bó ṣe ń pa ọ́ yìí, mo sunkún títí, mo ní ahun ni wọ́n. Wọ́n ní, 'Èmi ni mò ń pò ó, mo mohun tó wà níbẹ̀. Òórùn mílíìkì yẹn, inú ìgò ló ti ń wá, màlúù kankan ò mọ̀ nípa ẹ̀.' Ọ̀dọ̀ obìnrin ẹlẹ́yin tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rá yẹn lọ, wọ́n á fi gba ẹyin. Wọ́n á sè é, wọ́n á jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Tí mo bá ní kí wọ́n mú díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti jẹun níbi iṣẹ́. Irọ́ ńlá! Ọjọ́ tá a sin wọ́n ni ọ̀rẹ́ wọn tó tú u fún mi pé omi lásán ni wọ́n ń mu."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. Wọ́n fọwọ́ nu ojú.

"Ìgbà tó o ti ń sáré kiri ni wọ́n tó mú bísíkíìtì wọlé. Ẹyọ kan, lẹ́yìn oúnjẹ. Àbí o ti gbàgbé ohun tí wọ́n máa ń bi ọ́, kí wọ́n tó la ọwọ́?"

Aránṣọ tún rí irun ojú funfun yẹn, ó rí ọwọ́ nínú àpò, ó sì gbọ́ ohùn bàbá ketekete: "Ṣé o ti jẹun?" Tó bá ní òun ò tíì jẹun, ọwọ́ yẹn ò ní jáde, àfi ìgbà tí àwo bá ṣófo. Látọjọ́ yìí wá, ọwọ́ ló ń rántí. Ó gbàgbé ìbéèrè. Ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré, ìyá sì fà á mọ́ra.

Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó lọ gbé ẹ̀wà kaná. Ìyá mú bísíkíìtì kan nínú ọ̀rá, wọ́n jù ú sẹ́nu. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Èmi ò kúkú lóyún."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì tún gún un níka, ó tún na téèpù sórí ikùn. Téèpù ti kúrò níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, ó ti kọjá dáadáa. Inú nọ́ọ̀sì dùn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀jẹ̀ náà ti gòkè. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ti ń jẹun."

"Mo ti jẹun, Bàbá," ni Aránṣọ dáhùn.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Bàbá kẹ̀? Èmi obìnrin yìí?"

Aránṣọ fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àti omi ojú ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.