Ó Gbé Gàrí Mi

“Ẹ bá mi mú un o! Ẹ bá mi mú un!”

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́, torí kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ ní ọjà Sakété. Ìyá Elvire ni gbogbo wọn ń pè mí, láti Aguidi ni mo ti ń gbé gàrí wá tà. Anicet oní-zém, tó ń fi alùpùpù gbé èrò àti ẹrù, ni mo ń ké sí lọ́jọ́ náà. Ó ti de àpò gàrí mi mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó ti forí lé ọ̀nà Pobè, kó lọ gbé e fún Elvire ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìgbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì ni mo tó rántí pé Elvire ti kó kúrò nílé àtijọ́. Mi ò sọ ilé tuntun fún un.

Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbọ́ mi. Mo bá sáré tẹ̀ lé e. Èmi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, ẹ wo ìyà! Lambert tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta yọ orí jáde lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀.

“Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ó gbé gàrí mi…”

Èémí ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó gbé gàrí mi lọ sí Pobè, kò mọ ilé: ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà gbọ́ Nàgó, Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wa yìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ń gbé ẹrù, olè náà ń gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lambert mú èyí tó wù ú níbẹ̀.

“Olè! Ajotọ́!” Ó fi Nàgó pè é, ó tún fi èdè Gùn pè é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́.

Wọ́n gbé bẹ́ńṣì dí ọ̀nà. Anicet dúró. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹnì kan fẹ́ rán òun níṣẹ́ sí Pobè ni.

Berthe ló kọ́kọ́ ju òkúta. Berthe oníbúrẹ́dì, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fún wèrè ọjà wa ní búrẹ́dì láràárọ̀, táá sì dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán kí àwọn ọmọkọ́mọ má baà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà ni. Valentin tó ń lẹ táyà mú irin tó fi ń yọ táyà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ọwọ́ ta ni ti ta mọ́.

Ẹ ó bi mí pé èmi ńkọ́? Mo ní, “Kì í ṣe olè.” Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí yíjú sí mi, òógùn bo gbogbo ojú ẹ̀, ó ní, “Ẹ mọ̀ ọ́n ni? Àbí ẹ jọ ń ṣe é ni?” Bàtà Anicet kan ti bọ́ sílẹ̀ nítòsí mi. Ó ti fi okùn pupa rán ibi tó já níbẹ̀. Bàtà yẹn ni mo ń wò títí ariwo fi rọlẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa á. Ẹ̀wà tí aládùúgbò mi nínú ọjà gbé kaná ò tíì hó.

Berthe bu omi wá fún mi. “Ẹ mu ún, Ìyá Elvire. Ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn olè yìí ò ní pa wá.” Omi náà tutù. Mo mu ún tán, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá dé lọ́sàn-án. Ta ló pariwo? Wọ́n fi Faransé bi wá, a ní a ò gbọ́ Faransé. Wọ́n fi Gùn bi wá, a ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan fi Nàgó bi wá, ó wá di pé gbogbo ọjà ò gbọ́ èdè kankan mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní, “Ẹ̀yìn ni mo wà, mi ò rí nǹkan kan.” Lambert mi orí sí mi, bíi tíṣà tí ọmọ iléèwé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ ní Sàtánì ló wọ ọjà Sakété. Háà! Èmi wà níbẹ̀, Berthe ni mo rí. Ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí wọ́n ṣe dá ọmọ aráyé nìyẹn, ìkà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ̀. Tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ta ló wá ń fún wèrè lóúnjẹ láràárọ̀? Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì sunkún. Mo wá ẹkún náà, mi ò rí i. Oníbàárà dé, ọwọ́ mi bu gàrí fún un, ẹnu mi ní ó ṣeun, èmi gan-an ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan dúró níwájú àtẹ mi, àpò gàrí lórí ẹ̀. Mo mọ àpò náà. Èmi ni mo rán ẹnu ẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ kú ọjà, Màmá. Sabine ni mí, ìyàwó Anicet, láti Ahoyéyé. Wọ́n ní ó gbé gàrí yín. Gàrí náà rèé, àwọn ọlọ́pàá ló kó o fún mi pẹ̀lú alùpùpù ẹ̀.”

Lápá ọ̀hún, Berthe dáwọ́ búrẹ́dì gígé dúró.

“Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” ni Sabine ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ó ní ẹrù Ìyá Elvire lòun ń gbé lọ sí Pobè. Mo ní kí n bá a jíṣẹ́ náà, kí iṣẹ́ náà má baà di gbèsè sí i lọ́rùn. Mo dé ilé tó mọ̀, wọ́n ní Elvire ti kó kúrò. Màmá, ẹ ò sọ fún un ni?”

Mo ń fi ọwọ́ tẹ́ gàrí tó wà lórí àtẹ mi.

“Mo ti bi gbogbo ọjà pé ta ló pariwo. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.” Ó gbójú sókè sí mi. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè mi. Lambert ń wò mí, Berthe ń wò mí, Valentin náà dìde lórí táyà tó jókòó lé.

“Ẹ̀yìn iléèwé ni Elvire kó lọ,” ni mo sọ. “Ilé tí wọ́n kun ilẹ̀kùn ẹ̀ láwọ̀ ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.”

Ó dúró díẹ̀, bóyá mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti fi kún un. Ó tún un sọ lábẹ́ ẹnu kó má baà gbàgbé: ẹ̀yìn iléèwé, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, kànga. Ó wá tún òṣùká ṣe, ó bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ bá mi gbé e rù, Màmá.”

Mo gbé e rù ú. Ó gbé gàrí mi, ó forí lé ọ̀nà Pobè. Ó kọjá níwájú Berthe, ó kọjá níwájú Lambert. Kò sẹ́ni tó pariwo.