Ohùn Ìyá Àgbà Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Ẹnu

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lá àlá yìí, kì í ṣe òru. Ẹni tó lá a ni Ìbídàpọ̀, ọmọbìnrin tó ń to fíìmù pọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Ìyá Àgbà yìí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú tó sì gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, àmọ́ kò lè fọhùn mọ́. Fídíò kan ṣoṣo ni Ìbídàpọ̀ ká sílẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ kí àìsàn náà tó dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ Ìyá Àgbà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ti ní kò sí ohun táwọn ń fẹ́ ju káwọn tún gbọ́ ohùn ìyá àwọn lọ.

Fídíò náà ló wá ṣe ségesège. Ẹnu á ti sọ̀rọ̀ tán, ohùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀. Láti àárọ̀ ni Ìbídàpọ̀ ti ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà tó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń ti ohùn síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn títí á fi bá àwòrán mu. Bó bá tò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, á tún yà ní àárín. Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ibi tó ti ń tún un ṣe ló ti gbórí lé tábìlì, tóun ti wáyà tó kì bọ etí, oorun sì gbé e lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ rí lójú àlá ni pé ohùn tirẹ̀ náà ti ń rìn lẹ́yìn. Ó kí Ìyá Àgbà pé òun ń jáde lọ, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ti dé ìta kó tó gbọ́ ìkíni rẹ̀ nínú ilé. Kò yà á lẹ́nu. Ó kàn rò ó pé ó yẹ kóun máa tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ìgbà náà ni ètò orí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀, bí akọ̀wé tí ebi ń pa. Ó ní òun ò lè sún ohùn àgbàlagbà láìgba àṣẹ, kó lọ sí Ọ́fíìsì Ìbáramu Ẹnu àti Ohùn. Ìbídàpọ̀ bèèrè ibi tó wà. Ó ní kó wo òkè.

Lóòótọ́, ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè òrùlé, bí igbá tó ń léfòó lórí omi. Wáyà etí rẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀. Ìbídàpọ̀ di wáyà náà mú, ó ń gùn ún bí ẹní gun ọ̀pẹ. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ọ́fíìsì á tún ga sí i, òun náà á tún yára sí i, títí ó fi wọlé.

Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ de táì. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó sì dúró kí ìkíni náà dé. Ọ̀gá bi í bóyá ẹnu ló yára ni tàbí ohùn ló falẹ̀, torí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì. Ó ní òun ò mọ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí ò mọ̀ kì í kánjú, ló bá fa táì rẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Kó tó jẹ ẹ́ dé ọrùn, ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó ti di òbúkọ. Igbe rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá lanu.

“Ẹ má bínú, sà,” Ìbídàpọ̀ wí. “Ní tiyín, ohùn ló ṣáájú. Ó yàtọ̀ sí tèmi.”

Òbúkọ náà rò ó títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ti gbé ẹjọ́ òun wá ó ti pẹ́, wọn ò tíì dá òun lóhùn.

Ilẹ̀ ọ́fíìsì là, Ìbídàpọ̀ sì bọ́ sójú ọ̀nà pupa kan lẹ́yìn ìlú. Ìyá Àgbà inú fídíò ló rí lọ́ọ̀ọ́kán tó ń sáré lọ, tó ń fọwọ́ júwe, tó ń lanu láìdún. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó rí bí arúgbó kékeré kan tó ń tẹ̀pá. Ìbídàpọ̀ sáré bá àwòrán, ó bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Àwòrán ní nǹkan ń ti òun láti ẹ̀yìn. Ó sáré padà, ó fa ohùn lọ́wọ́, ohùn náà sì tín-ín-rín bí ti òròmọdìyẹ.

“Má fà mí,” ohùn náà wí. “Bí o bá fà mí tipátipá, màá di ọmọdé. Ta ló máa wá dá mi mọ̀?”

“Ṣé kí n gbé yín pọ̀n, kí n sáré gbé yín bá àwòrán yín, mà?”

“Màá tún fà sẹ́yìn. Ìrìn wa ni ò dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń jìnnà, díẹ̀díẹ̀ náà ni kí o fi sún mi.” Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀. “Láti àárọ̀ lo ti ń wo ẹnu mi. Kí ni mo sọ?”

Ìbídàpọ̀ wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó dùn ún wọra. Ó lanu láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà ò sì tíì dé tó fi jí.

Fídíò ṣì ń lọ létí rẹ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ògiri, ó sì fetí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn fún. Ìyá Àgbà ń sọ bí Bàbá Àgbà ṣe wá tọrọ òun. Ó ní ọkùnrin náà ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́nu bọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ẹ̀rù bà á débi pé ewúrẹ́ tí wọ́n so sẹ́nu ọ̀nà ló dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ fún ewúrẹ́ náà tán pátá, ewúrẹ́ náà sì ké. Ìbídàpọ̀ dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló padà sídìí iṣẹ́. Kò ti ohùn náà lódindi mọ́. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó ń sún ìkọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, títí tó fi bá ẹnu mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ yí Ìyá Àgbà ká lórí àga, Ìbídàpọ̀ sì tan fídíò fún wọn. Bàbá Àgbà inú ìtàn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà rárá nígbà tí èjìká Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí mì tìtì lórí àga, tó ń rẹ́rìn-ín láìdún. Ìbídàpọ̀ rò pé ohùn ti tún fà sẹ́yìn, ó ti na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà láti dá a dúró. Ó wo àwòrán, ẹnu àti ohùn jọ ń lọ gẹ́lẹ́. Ó wá wo ojú màmá. Màmá kúkú mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìbídàpọ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màmá. Kò pẹ́, ẹ̀rín àwọn yòókù dé bá tiẹ̀.